Nígbà tí Wọ́n Ti Òkun Pa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, yàrá kan ṣoṣo ni èmi àti màmá mi ń gbé ní Kakíyà, ní Mẹ́kà. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan ní Balad, àdúgbò àtijọ́ ní Jẹ́dà, ibẹ̀ ló sì ń sùn. Ọjọ́bọ̀ nìkan ló máa ń wálé. Èmi nìkan ni wọ́n bí, màmá mi a sì ti jáde láti àárọ̀ lọ gba aṣọ àwọn àlàájì tó fẹ́ fọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ ò lè mọ bí yàrá kan ṣe ń tóbi tó nígbà tí kò bá sẹ́ni tí ẹ ó bá sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹja nájílì ni bàbá mi fẹ́ràn jù. Ẹja pupa ni, ó ní àmì búlúù tótòtó lára. Bí màmá mi bá fi ata àti àlùbọ́sà dín in, gbogbo ilé ló ń gbóòórùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, ìjọba a máa fi òfin de pípa rẹ̀ nígbà tó bá ń yé ẹyin. Lọ́dún kan, bàbá mi ṣèlérí pé tí òfin náà bá ti kúrò, òun á mú mi lọ sí etí òkun ní Jẹ́dà, kí èmi náà fi ìwọ̀ pa tèmi.

Ó ní, “Wọ́n ti ti òkun pa ni. Tí wọ́n bá ti ṣí i, a ó lọ.”

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Inú ilé nìkan la ti ń sọ Yorùbá, bí mo bá sì ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń gbà á. Mo rò pé òkun ní géètì àti àgádágodo. Mo fi Lárúbáwá sọ ọ́ fáwọn ọmọ tá a jọ ń kéwú, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi ṣíwọ́. Nígbà tí mo bi bàbá mi pé ta ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó ní ìyá ẹja ló so ó mọ́ etí ìró.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Mo so òwú mọ́ igi, mo tẹ píìnì ṣe ìwọ̀, mo sì ń pẹja nínú báàfù tí màmá mi rẹ aṣọ sí. Jalabíà àlàájì kan ni mo fà ya. Màmá mi ní kí n kúnlẹ̀, kí n na ọwọ́ sókè, ó sì ń sọ fún mi pé sùúrù ni baba ìwà, títí apá fi ń ro mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí nájílì lórí yìnyín níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja àdúgbò wa. Òkun ti ṣí. Nígbà tí bàbá mi dé ní Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú okùn ìpẹja tuntun lọ́wọ́, mo ti wẹ̀, mo ti wọ bàtà. Màmá mi rí okùn náà, kò sì pariwo.

Ó ní, “Bàbá Sàdíà, àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun á béèrè ìkámà. Ṣé ojú ọmọ yìí ni kí wọ́n ti wá mú yín?”

Ìkámà ni ìwé ìgbélùú. Bàbá mi kò ní in, nítorí úmúrà ló bá wá tó fi dúró. Ó jókòó, ó gbé okùn náà sílẹ̀, ó wá pè mí.

“Sàdíà, wọn ò tíì ṣí òkun fún wa.”

Mo bọ́ bàtà mi. N kò sunkún, nítorí ojú rẹ̀ pọ́n ju tèmi lọ. Kí ọdún tó yí po, wọ́n mú un ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n dá a padà sí Ìsẹ́yìn. Ibẹ̀ ló kú sí, a ò sì tún fojú kan ara wa mọ́.

Ayé ti yí padà. Iṣẹ́ ọkọ mi ló jẹ́ kí n ní ìkámà, mo sì ń fúnra mi wa ọkọ̀ lọ sí Jẹ́dà tí wọ́n bá ti kéde pé òfin ti kúrò. Láyé ìgbà yẹn, ọmọ ń fẹ́ lọ, kò sí ìwé. Lóde òní ìwé wà, àwọn ọmọ mi ló ń fi Lárúbáwá sọ fún mi pé àwọn ò fẹ́ òórùn ẹja. Èmi nìkan ni mò ń lọ, ó sì máa ń dùn mí. Lọ́dún tó kọjá, nájílì kan gbé ìwọ̀ mi, ó tóbi, ó ń jà fitafita. Bí mo ṣe fà á jáde báyìí, kí n tó rántí, mo ti yíjú láti fi han bàbá mi.