Wáyà Tí Mo Gé Nítorí Ohùn Jìtá

Kò sí ẹni tó ń ta jìtá ní gbogbo Ìbàràpá tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Igbó-Ọrà. Mi ò sọ ọ́ láti fi yangàn, ṣùgbọ́n bí mo bá tilẹ̀ fi yangàn, ó tọ́ sí mi. Pírámárì fáìfù ni mo ti kúrò nílé ìwé. Síbẹ̀ àwọn tó ka ìwé dé póli ní Èrúwà ló ń gbé ẹ̀rọ wá bá mi, tí wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n á máa pè mí ní ọ̀gá. Àwọn olórin ìlú Tápà mọ̀ mí, àwọn ti Igangan mọ̀ mí. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣàìsàn, kí n ṣáà ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mo ti mọ ibi tó ti ń dùn ún.

Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, ẹnì kan péré ni mo tíì sọ ọ́ fún.

Ọkọ àbúrò mi obìnrin ló kàn. Tíṣà ni ní Èrúwà, òun ló sì ń ta jìtá, tó tún ń kọrin, nínú ìjọ wọn, ìjọ aláṣọ funfun tí wọn kì í wọ bàtà wọ inú ilé àdúrà. Tíṣà náà ni mo máa ń pè é, òun a sì máa pè mí ní Ẹ̀gbọ́n. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, tí ìka rẹ̀ gùn, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Lọ́dún yẹn, ọmọ ìjọ wọn kan tó wà lókè òkun fi ańpilifáyà jìtá ránṣẹ́ nítorí ìkórè. Kì í ṣe irú èyí tó wọ́pọ̀ níbí. Ìgò ló wà nínú rẹ̀, àwọn ìgò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní tíúbù, tí wọ́n máa ń pọ́n bí ẹyin iná bí o bá tan ẹ̀rọ náà. Agbára tó wà nínú wọn lè mú kí jìtá ké bí ẹranko.

Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìkórè ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo gun ọ̀kadà mi, mo gba Lánlátẹ̀ kọjá, mo dé Èrúwà nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Abẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò, kálukú pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń dún lọ́ọ̀ọ́kán. Tíṣà ta jìtá fún mi gbọ́. Ohùn náà wú, ó tóbi, ó kún gbogbo àtíbàbà. Mo ní kí onílù àti oníbáàsì bá a dá sí i. Bí wọ́n ṣe wọlé ni jìtá pòórá, bí ẹni pé ilẹ̀ gbé e mì.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i,” Tíṣà wí. “Bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí èmi nìkan bá wà níbẹ̀, ó ń dùn. Bí wọ́n bá ti wọlé báyìí, mi ò gbọ́ ara mi mọ́.”

“Ta ló ṣètò ẹ̀?”

“Èmi náà ni.”

“Mo rí i pé iṣẹ́ tíṣà ni.”

Àwọn akọrin rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sún kúrò níwájú ẹ̀rọ fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe, torí kò sí ẹni tó kọ́ mi. Bọ́tìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní gẹ́ènì, òun ló ń mú kí ohùn jìtá há, kó máa ya bí aṣọ. Tíṣà ti yí i dé òpin. Mo dá a padà sí ìdajì, mo tún dín in díẹ̀ sí i, torí híhá tó bá pọ̀ jù, bí ìlù bá dé, ariwo lásán ló ń dà. Ohùn ìsàlẹ̀, mo gé e, torí oníbáàsì ló ni ìsàlẹ̀, kí la fẹ́ máa bá a jà sí. Ohùn àárín tó ti yọ kúrò pátápátá, mo gbé e sókè, torí àárín yẹn gan-an ni etí èèyàn ti ń rí jìtá mú. Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣí fólúùmù díẹ̀díẹ̀, títí àwọn ìgò tó tóbi jù lára wọn, tó wà lẹ́yìn, fi gbóná dáadáa, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Mo gbé àpótí ẹ̀rọ náà kúrò nílẹ̀, mo gbé e lé orí àga.

“Orúnkún ẹ lo ń ta á fún tẹ́lẹ̀,” mo sọ fún Tíṣà. “Etí ò sí ní orúnkún.”

Mo wá rìn jìnnà sẹ́yìn, sí ibi tí èrò máa jókòó sí, mo ní kí gbogbo wọn máa lọ. Jìtá náà la àárín ìlù kọjá bí ọ̀bẹ. Kò pariwo ju ẹnikẹ́ni lọ, síbẹ̀ kò sí ibi tí o máa dúró sí tí o kò ní gbọ́ ọ. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ dúró, ó fi ìgbálẹ̀ ti ara. Mo mọ̀ pé mo ti dé ibi tí mò ń lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ̀rọ náà ń kùn. Ó ń kùn ṣáá, nísàlẹ̀, bí ẹni tó ń di èèyàn sínú. Mo yọ wáyà míksà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn máìkì, kíkùn náà dín kù. Mo dá a padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ti mọ ohun tó ń ṣe é. Mo tú púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ náà, mo rí wáyà kẹta, wáyà áàtì, èyí tó yẹ kó darí iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀ kó má baà gba ara èèyàn. Mo gé e. Mo fi téèpù wé ẹnu rẹ̀, mo dé púlọ́ọ̀gì padà. Nígbà tí mo tan án, kẹ́kẹ́ pa. Kò sí kíkùn kankan mọ́. Àwọn akọrin pàtẹ́wọ́ fún mi.

Mo fi tẹ́sítà kan okùn jìtá, kí n má purọ́. Gílóòbù inú rẹ̀, tó máa ń tàn bí iná bá wà nínú ohun tó kàn, pọ́n díẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti tẹ́sítà bọ àpò.

“Ẹ̀gbọ́n,” Tíṣà pè mí nígbà tó kọrin tán, “máìkì yìí ń ta mí létè.”

“Ó ń fẹnu kò ẹ́ lẹ́nu ni,” oníbáàsì wí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Mo wá fóòmù pupa kan, mo fi bo orí máìkì kí ètè rẹ̀ má baà kan irin. Mo ní kó tún un wò. Ó ní kò ta òun mọ́. Mo gbà pé mo ti tún ìyẹn náà ṣe.

Lọ́jọ́ ìkórè, mo padà wá láti gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo wọ bóòtù mi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà nípọnnípọn. Èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn, mi ò sì fẹ́ bọ́ bàtà, ni mo bá jókòó síta lẹ́bàá fèrèsé. Láti ibẹ̀ mo ń wo Tíṣà nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ńtì. Àwọn obìnrin ti fọ ilẹ̀ náà láàárọ̀, omi ṣì ń dán lórí rẹ̀ níwájú pẹpẹ. Mo rí omi yẹn. Ojú mi rí i, ọkàn mi kò rí nǹkan kan.

Àbúrò mi jáde wá kí mi. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé pèpéle, ó tẹ̀ sún mọ́ mi.

“Bọ̀dá mi, ó ní okùn jìtá yẹn ṣì ń ta òun lọ́wọ́. Ó ní tòní ju ti ọjọ́ Ẹtì lọ.”

“Sọ fún un kó máa ta jìtá ẹ̀. Nǹkan tó bá lágbára ló ń ta èèyàn.”

“Ṣé kò sí nǹkan ṣá?”

“Ṣé èmi lò ń bi?”

“Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n,” ó wí, ó padà wọlé lọ síbi tí àwọn akọrin dúró sí.

Wọ́n ti kọrin méjì tán, jìtá sì ń lọ geere, inú mi ń dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mò ń rẹ́rìn-ín ní èmi nìkan, nígbà tí mo gbọ́ tí àwọn kan hó ládùúgbò. Wọ́n ti mú iná dé. Iná ìjọba, lọ́jọ́ ìkórè. Inú ṣọ́ọ̀ṣì náà hó. Ẹnì kan sáré lọ pa jẹnẹrétọ̀, ẹlòmíì yí gbogbo ẹ̀rọ sórí iná ìjọba. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Inú mi kò dùn mọ́. Mi ò lè sọ ìdí rẹ̀ nígbà yẹn. Agbára iná ìjọba kì í ṣe ẹgbẹ́ ti jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn, ó sì mọ ọ̀nà ilẹ̀ dáadáa.

Tíṣà fi ọwọ́ òsì di okùn jìtá mú, ó na ọ̀tún sí òpó irin máìkì láti gbé e sókè. Ohùn rẹ̀ gé. Ohùn jìtá kò gé. Ohùn kan ṣoṣo dúró síbẹ̀, ó ń gùn, kò lọ sókè, kò lọ sísàlẹ̀. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ara Tíṣà ń gbọ̀n láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ yí sókè, ẹnu rẹ̀ là.

“Ẹ̀mí ti bà lé e,” wọ́n ń wí. Agogo bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pe orúkọ mímọ́, kò sí ẹni tó lọ bá a, torí nínú ìjọ wọn, ẹni tí Ẹ̀mí bá bà lé, wọn kì í dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń gbọ̀n. Ní gbogbo ilé yẹn, èèyàn méjì péré ló mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀: èmi, àti àbúrò mi, torí Ẹ̀mí kò bà lé ọkọ rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n. Mo rí i tó kúrò láàárín àwọn akọrin, tó na ọwọ́ méjèèjì, tó ń bọ̀ wá gbá a mú.

Mo sáré dé ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin tó ń ṣọ́nà dì mí lẹ́wù mú.

“Ẹ bọ́ bàtà, sà.”

“Iná ló gbé e.”

“Ẹ bọ́ bàtà ná.”

Bọ́tìnì ẹ̀wù mi já sí i lọ́wọ́. Mo fi bóòtù gba orí omi yẹn kọjá, mò ń kígbe pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo ti àbúrò mi ṣubú. Kò sí ọ̀nà míì, ìka rẹ̀ kù díẹ̀ kó kan aṣọ ọkọ rẹ̀. Mo fa púlọ́ọ̀gì yọ lára ògiri. Tíṣà wó lulẹ̀ pẹ̀lú jìtá lọ́rùn, agogo ṣì ń dún lẹ́yìn wa, torí àwọn ará ẹ̀yìn kò tíì mọ̀.

Wọ́n tẹ àyà rẹ̀ títí ó fi mí. Ó lo ọjọ́ díẹ̀ ní ọsibítù, ó padà sílé. Ṣùgbọ́n ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ọwọ́ tó fi ń tẹ okùn, ká kò, wọn kò ṣeé nà. Àwọn àgbà ìjọ ní àwọn ọ̀tá ló ta á lọ́fà lọ́jọ́ ayọ̀. Àwọn míì ní bàtà tí mo wọ wọlé ló ba ibi mímọ́ jẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀ kí n tó wọlé. Wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí rẹ̀. Àbúrò mi gbààwẹ̀ náà, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gba ọkọ òun là. Mo jẹ́ kó máa dúpẹ́. Ní Igbó-Ọrà, mo jẹ́ kí wọ́n máa gbé mi gẹ̀gẹ̀.

Nígbà tó ṣe, Tíṣà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú àpò.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n wá bẹ̀ yín kí ẹ wá kúnlẹ̀ níwájú ìjọ nítorí bàtà. Mo ní n ó kọ́kọ́ bi yín. Ṣé bàtà ni?”

Mo ti pèsè èsì sílẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé iná ìjọba ló wá pẹ̀lú agbára jù. Ṣùgbọ́n ó fa ọwọ́ náà yọ láti nu ojú rẹ̀, mo sì rí àwọn ìka yẹn.

“Bàtà kọ́,” mo wí. “Wáyà kan wà tí mo gé lọ́jọ́ Ẹtì, kó má baà máa kùn. Òun ni ì bá gbé iná yẹn lọ. Tẹ́sítà ti fi hàn mí, mi ò ka tẹ́sítà sí.”

Ó jókòó sórí àpótí sípíkà kan.

“Ohùn ẹ̀rọ yẹn dáa ṣá o,” ó wí.

Ó ti ọwọ́ náà bọ àpò padà.

“Ẹ má tíì sọ fún àbúrò yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ìka yìí á nà. Bí ó bá nà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ fún un. Bí kò bá nà, èmi ni n ó sọ ọ́. Ẹ má sì wá sílé lọ́jọ́ yẹn.”

Ìka kan ti ń nà díẹ̀díẹ̀ báyìí. Ìkejì kò mira. Ní gbogbo ìgbà tí àbúrò mi bá wá sí Igbó-Ọrà, ó máa ń yà kí mi, ó máa ń kúnlẹ̀, ó máa ń gbé oúnjẹ lé mi lórí tábìlì láàárín àwọn ẹ̀rọ. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, kí n lè mọ̀ bóyá Tíṣà ti sọ ọ́ fún un.