Ihò Ara Ìwé Ìjàǹbá

Ìyá Àkíbù là ń pe Àmínà ní agboolé wa ní Igbó-Ọrà, nítorí Àkíbù ni àkọ́bí rẹ̀. Ẹ̀gúsí ló ń tà. Ó máa ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Tápà, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa bó o, ẹnu rẹ̀ kò sì ní í dákẹ́. Tó bá rẹ́rìn-ín, ẹ máa gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé. Ohun kan ṣoṣo ni kì í fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ẹni tó bá béèrè Àkíbù, ohun tó máa gbọ́ ni pé ó ṣì wà ní Abẹ́òkúta níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Kíá ni Àmínà á ti mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá.

Lóòótọ́ ló lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti dàrú lẹ́nu iṣẹ́ náà, ọ̀gá rẹ̀ sì ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Àmínà nìkan ló mọ̀. Kò sọ ọ́ fún Hàlímọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, pàápàá. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí nílẹ̀ wa. Bí wọ́n bá fẹ́ fẹ́ ọmọ èèyàn, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí ìdílé rẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbọ́ pé wèrè wà níbẹ̀, wọ́n á palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Mùkáílà, ọmọ Èrúwà, ti ń wá sọ́dọ̀ Hàlímọ̀ nígbà náà. Opó ni Àmínà. Kò sí ohun tó ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ju kí ìgbéyàwó yẹn bọ́ sí i.

Ọdún 1972 ni, ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Dírẹ́bà bọ̀lẹ̀kájà tí Àmínà wọ̀ láti Abẹ́òkúta gbàgbé. Nígbà tó rí lọ́rì tó ń bọ̀ níwájú, ọwọ́ òsì tó ti mọ́ ọn lára ló yà sí, ọkọ̀ sì dojú dé sínú igbó. Pákó ara ọkọ̀ já lé Àmínà lẹ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bò ó, ó sì rò pé ikú ti dé. Nígbà tí ọlọ́pàá kan, Sájẹ́ǹtì Zachariah, dé pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, tó ń béèrè orúkọ kálukú àti ibi tó ti ń bọ̀, Àmínà di apá aṣọ rẹ̀ mú.

"Ọmọ mi Àkíbù wà nílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ," ó ní. "Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Bí mo bá kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ebi pa á."

Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdágbére ló ń sọ. Sájẹ́ǹtì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Àmínà ò kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n dì tí wọ́n sì gbé e wálé. Ṣùgbọ́n Sájẹ́ǹtì yìí ní òun fẹ́ kí ojú àwọn dírẹ́bà là, ló bá lẹ ìwé ìjàǹbá tó kọ náà mọ́ ògiri àgọ́ ọlọ́pàá ìlú wa, níbi tó dojú kọ gárééjì. Òyìnbó ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Fọlábí, akọ̀wé gárééjì, wà níbẹ̀. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn kí èrò pé lé e lórí. Ó ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀: orúkọ dírẹ́bà, nọ́ńbà ọkọ̀, ẹni tó kán lápá, ẹni tí eyín rẹ̀ yọ. Nígbà tó kan Àmínà, ó gbóhùn sókè: "Àmínà, oníṣòwò ẹ̀gúsí, Igbó-Ọrà, ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ wo ọmọ rẹ̀ Àkíbù nílé ìwòsàn wèrè!" Inú ṣì ń bí mi títí di òní. Ẹnu burúkú ni Ọlọ́run fún ọkùnrin yẹn.

Àmínà fi igi tilẹ̀ lọ bá Sájẹ́ǹtì.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ̀rọ̀ ọmọ mi kúrò níbẹ̀."

"Màmá, ìwé ìjọba ni. Gbogbo èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti rí i."

"Kí wọ́n rí dírẹ́bà. Kí wọ́n rí ọkọ̀. Kí wọ́n rí ẹsẹ̀ mi tó kán yìí pàápàá. Ṣé àìsàn ọmọ mi ló dojú ọkọ̀ dé ni?"

Sájẹ́ǹtì wolẹ̀. Èèyàn burúkú kọ́, kò kàn ronú ni. Ó mú abẹ, ó gé ibẹ̀ kúrò lára ìwé náà, ó rò pé òun ti tún un ṣe. Àṣé ó tún bà á jẹ́ sí i ni. Àwọn tí kò tiẹ̀ bìkítà tẹ́lẹ̀ wá ń béèrè ohun tó wà nínú ihò yẹn, Fọlábí sì ti mọ̀ ọ́n sórí.

Ojú ti Àmínà débi pé kò lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ẹ̀yìn ilé ló ń gbà lọ sọ́jà, a ò sì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pé Màmá Sàrátù, ẹ̀gbọ́n bàbá Mùkáílà, ń bọ̀ láti Èrúwà, ó ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, ó ń kúnlẹ̀ bẹ̀ wá pé kí a máa pe òun ní Ìyá Hàlímọ̀ títí wọ́n á fi so yìgì. A gbà fún un. Ta ló máa kọ̀?

Màmá Sàrátù fi ọ̀wọ̀ sọ tirẹ̀. "Ìyá Hàlímọ̀, ẹ má bínú o. A gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ní gárééjì. Wọ́n ní ẹ ní ọmọkùnrin kan tí ara rẹ̀ ò yá."

"Èmi kẹ̀? Hàlímọ̀ nìkan ni mo bí, wàláhì. Ọmọ oníbàárà mi kan ni wọ́n ń wí, àánú ló ṣe mí tí mo fi ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Ọlọ́pàá ló kọ ìkọkúkọ."

Hàlímọ̀, tó gbé omi wá fún àlejò, dúró ó ń wo ìyá rẹ̀.

Wọ́n dá ọjọ́ yìgì. Lọ́jọ́ tí àwọn àna gbé ẹrù wá, tí gbogbo wa jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, Àkíbù wọlé. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀. Àṣé gárééjì ló ti sọ̀ kalẹ̀, Fọlábí sì ti ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ohun tí ìyá rẹ̀ fi wàláhì sọ, tí òfófó ti gbé dé gárééjì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ìnáwó, Ìyá Hàlímọ̀. Èmi Àkíbù ni, tí ẹ máa ń gbé oúnjẹ wá fún nílé ìwòsàn. Ara mi ti yá. Mo ní kí n wá dúpẹ́."

"Ọmọ tó moore," Màmá Sàrátù wí. Ó yíjú sí Àmínà, ó rọra sọ ọ́: "Ìyá tó bí irú ọmọ yìí kú oríire o."

Gbogbo wa ń wo ẹnu Àmínà. Ó wo Hàlímọ̀, ó wo ẹrù ìyàwó nílẹ̀.

"Bá mi kí ìyá rẹ," ó ní.

"Wọ́n á gbọ́ o, mà."

Ó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Kò mu omi.

Wọ́n so yìgì. Lẹ́yìn rẹ̀, Àmínà ò lè sùn, kò lè jẹun, ó sì gba Èrúwà lọ láti lọ jẹ́wọ́. Màmá Sàrátù gbé e dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Hàlímọ̀ ti sọ fún wa kí a tó gbé ẹrù wá," ó ní. "A ní àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu yín la fẹ́ ti gbọ́ pé ọmọ yín ni."

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní Ìyá Hàlímọ̀, kì í dáhùn. "Ìyá Àkíbù lorúkọ mi," á ní, á sì sọ ọ́ sókè kí ará ọ̀nà lè gbọ́. Àkíbù ṣí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ sí Igangan, Àmínà sì máa ń gbé ẹ̀gúsí lọ fún un níbẹ̀. Mo ti bá a lọ rí. Àkíbù dọ̀bálẹ̀ fún un, ó nu àga, ó bu omi tútù wá, ó sì fi ọ̀wọ̀ kí i dáadáa.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Hàlímọ̀," ó ní.