Ìka Dúdú Mutmainnah

Tí ẹ bá ń kọjá ní Martindale, ní ìlú Calgary ní Kánádà, lọ́jọ́ Saturday, tí ẹ rí garéèjì kan tó ṣí sílẹ̀ gbayawu nínú òtútù tó lè sọ itọ́ di òkúta kó tó balẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ọlọ́pàá. Olè kọ́ ló wà níbẹ̀. Mùsùlùmí rere méjì ni, wọ́n ń kun orí ọta ìbọn.

Èyí obìnrin ni Mutmainnah, ọmọ Ìsẹ́yìn, nọ́ọ̀sì nílé àwọn arúgbó, tó ń gbé basement kan ní Forest Lawn. Èyí ọkùnrin ni Sofiullahi Abọ́dẹrìn, onígaréèjì, tó ń ṣiṣẹ́ ní warehouse kan lẹ́bàá airport. Tí wọ́n bá ń pín ọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láyé yìí, Sofiullahi á ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn tó kù ná. Ìyàwó tó kọ́kọ́ fẹ́ ní kó máa ṣe dáadáa, òun ò lè máa bá ògiri jẹun.

Kí ló dé tí wọn ò ti ilẹ̀kùn? Ẹ̀sìn ni. Wọ́n ní ọkùnrin àti obìnrin tí kò sí yìgì láàárín wọn kò gbọdọ̀ dá wà níbi tí ilẹ̀kùn tì, Ṣàítánì ni yóò ṣe ẹnìkẹta wọn. Sofiullahi bá ká ilẹ̀kùn garéèjì sókè pátápátá, kí gbogbo àdúgbò lè jẹ́rìí. Snow ń wọlé, ajá aládùúgbò ń wọlé, atẹ́gùn North Pole ń wọlé láìkí ẹnikẹ́ni. Ṣàítánì nìkan ni kò wọlé. Wọ́n ní ó dé ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, ó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó ní òun ń padà sídìí iná òun.

Orí pápá ìyìnbọn kan lẹ́yìn Cochrane ni wọ́n ti pàdé. Àwọn Mùsùlùmí Yorùbá Calgary jáde lọ ṣeré lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí ẹni tó bá láyà wá gbìyànjú ìbọn wò. Àwọn ọkùnrin tó ń fẹnu pa kìnnìún yìn ín, ọta wọn ò kan bébà rárá. Ti ẹnì kan, bóyá ó ṣì ń lọ di báa ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó kan Mutmainnah, ẹni tí eku ń lé kiri nínú basement ara rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó mí, ó yìn ín. Gbogbo ọta rẹ̀ gba ojú ihò kan náà kọjá, bí ẹni ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Àṣé ọwọ́ tó ń wá iṣan ẹ̀jẹ̀ lára arúgbó látàárọ̀ dalẹ́, ọwọ́ tí kì í gbọ̀n ni. Àwọn èèyàn hó yèè. Sofiullahi, tó dúró tì í nítorí òun ló ni ìbọn, rọra sọ̀rọ̀ ní tiẹ̀.

"Sister, ọwọ́ yín ò gbọ̀n."

Ẹ wò ó, àwọn ọkùnrin ti yin ojú Mutmainnah rí. Wọ́n ti yin ìrìn rẹ̀. Òmíràn tiẹ̀ yin PR rẹ̀, ìwé ìgbélùú Kánádà, kó tó ráyè wo ojú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yin ọwọ́ rẹ̀ rí. Ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́, ó ṣe ìdánwò, ó gba licence ìbọn, ó sì di pé gbogbo Saturday ni yóò wọ bọ́ọ̀sì, yóò wọ train, yóò wá sí garéèjì yìí, kí wọ́n lè jọ máa fọwọ́ ara wọn to ọta tí wọ́n máa yìn.

Orí ọta kì í ṣe nǹkan bàbàrà lójú. Òjé ni, bàbà bò ó lára, ó ṣe ṣóńṣó lẹ́nu bí ẹnu ẹyẹ. Ṣùgbọ́n bó bá ń gba inú irin ìbọn kọjá, á máa ha ara mọ́ ọn, bàbà á máa lẹ̀ mọ́ irin títí irin á fi dọ̀tí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi nǹkan tó ń yọ̀ kùn ún. Wọ́n á kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kí òróró má kù lára rẹ̀, wọ́n á dà á sínú ike pẹ̀lú ìyẹ̀fun dúdú kan tí wọ́n ń pè ní moly, wọ́n á gbé ike náà sórí ẹ̀rọ tó ń yí i bírí, ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀. Moly yìí ń yọ̀ bí ilá, bẹ́ẹ̀ ó gbẹ bí eruku ọyẹ́. Ó dúdú, ó ń dán bíi tìróò. Bí wọ́n bá da ọta jáde lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, tí wọ́n fi aṣọ nù ún, ẹ ó rò pé ẹyinjú ẹyẹ ni wọ́n kó sílẹ̀.

Sofiullahi a máa wọ glove. Mutmainnah kọ̀ jálẹ̀.

"Brother Sofiu, inú glove ni ọwọ́ mi ń gbé látọjọ́ Monday. Ẹ jẹ́ kó mí lónìí."

Ọwọ́ ń mí, ọwọ́ ń dúdú. Bí àkókò ìrun Asri bá wá tó, wàhálà dé. Làálì tí ìyàwó tuntun ń lé sọ́wọ́ kì í ba àlùwàlá jẹ́, gbogbo ayé ló mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí àgbà kankan tó tíì sọ̀rọ̀ nípa moly, nǹkan tí omi ń sá fún bí ọmọ tó rí abẹ́rẹ́. Wọ́n bi Alfa léèrè, Alfa ronú títí, ó ní, "Ẹ fọ̀ ọ́ títí ọkàn yín á fi balẹ̀." Orúkọ Mutmainnah gan-an, ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ló túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀, ọkàn ọ̀hún kì í tètè balẹ̀. Sofiullahi á gbé kẹ́tù àlùwàlá, á po omi rẹ̀ kó lọ́ wọ́ọ́wọ́, á máa rọra dà á sí i lọ́wọ́ láìfara kàn án. Omi á máa dúdú lọ sínú garawa bí aró. Ibi ọwọ́ fífọ̀ yìí nìkan ni ẹnu Sofiullahi ti ń ṣí. Ibẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ tó kú, ibẹ̀ ló ti sọ pé òun ń bẹ̀rù òkùnkùn nígbà tí òun wà ní kékeré, ibẹ̀ ló ti bú ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, ó bú u pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, dúdú á ṣì kù díẹ̀ lórí ìka àti lábẹ́ èékánná.

Dúdú díẹ̀ yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday kan, Mutmainnah lọ sí àṣàlátù. Bó ti na ọwọ́ gba tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ Alhaja Serifat, olórí wọn, Alhaja dá ọwọ́ náà dúró lójú afẹ́fẹ́.

"Mú ọwọ́ kejì wá."

Mutmainnah mú un wá.

"Làálì! Ẹ̀yin obìnrin, ẹ wá wo làálì lọ́wọ́ Mutmainnah!"

"Alhaja, kì í ṣe..."

"Pa ẹnu mọ́ jàre, ojú ń tì ẹ́! A ò ní í bi ẹ́ pé ta ni. Ìyàwó kì í dárúkọ ọkọ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn."

Ẹnì kan ti gbé orin wákà. Ẹlòmíì ti ń fi phone ya ìka. Mutmainnah la ẹnu láti sọ òótọ́, ṣùgbọ́n Alhaja ti di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń fọwọ́ ra ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, omijé ń já bọ́ lójú màmá arúgbó náà. "Ìka yìí ni mo máa ń bẹ Ọlọ́hun fún," ló ń sọ jẹ́jẹ́. Láti ọjọ́ tí Mutmainnah ti kúrò nílé, òun ló máa ń di ọwọ́ ẹlòmíì mú. Kò sí ẹni tó di tiẹ̀ mú báyìí. Ó pa ẹnu dé.

Kí bọ́ọ̀sì tó gbé e dé Forest Lawn, àwòrán ìka ti dé Ìsẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ pè.

"Àbẹ̀ní."

"Ẹ kú alẹ́, màmá mi. Ẹ ò tíì sùn?"

"Oorun kẹ̀? Mi ò ní í bi ẹ́ ní orúkọ rẹ̀. Mi ò ní í bi ẹ́ ní ìlú rẹ̀." Ẹ mọ̀ pé fún ìyá yìí, ìyẹn jẹ́ ààwẹ̀ láìsí sààrì. "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé ó ń kẹ́ ẹ?"

Irọ́ ló yẹ kí Mutmainnah fòpin sí níbẹ̀. Ó wo ìka rẹ̀. Òótọ́ ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ó máa ń bu omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ sí mi lọ́wọ́, màmá."

Mutmainnah gbọ́ tí ìyá fa imú lórí phone.

"Ó tó," ni ìyá wí. "Lọ́jọ́ Saturday, mo fẹ́ rí i lórí video."

Ọ̀ràn dé. Tó bá sọ fún ìyá rẹ̀ pé kò sí ọkọ kankan, ọkàn ìyá á gbọgbẹ́. Tó bá sọ fún Sofiullahi, ọkùnrin tí kò sọ̀rọ̀ ìfẹ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti mọra, tí ẹ̀rù bà á, tó sá, ìyẹn ni pé kò ní í sí garéèjì mọ́, kò ní í sí kẹ́tù, kò ní í sí Saturday. Ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé nítorí Saturday lòun ṣe ń fara da Monday.

Àwọn Yorùbá Calgary kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ní Monday, làálì ti dé ọrùn ọwọ́. Ní Wednesday, ó ti dé ìgúnpá. Nígbà tí Bándélé tí òun àti Sofiullahi jọ ń ṣiṣẹ́ ní warehouse máa fi gbọ́, Mutmainnah ti lóyún ìbejì fún dókítà kan ní Edmonton.

"Guy, nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ jọ ń yìnbọn yẹn ti wọlé ọkọ o!" ni Bándélé wí. "Làálì dé èjìká!"

Nínú gbogbo warehouse náà, Sofiullahi nìkan ló mọ ohun tí dúdú yẹn jẹ́. Ó kàn ń to páálí rẹ̀ lọ. Kò tiẹ̀ lè jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Saturday dé. Snow ń bọ́ wẹ́ẹ́rẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́. Mutmainnah bá Sofiullahi nínú garéèjì, ó ti wọ glove, ṣùgbọ́n kò tíì tan ẹ̀rọ. Ó gbé ike kékeré kan síwájú rẹ̀.

"Kí lèyí, Brother Sofiu?"

"Boron nitride ni. Iṣẹ́ kan náà lòun àti moly ń ṣe, ṣùgbọ́n funfun ni. Kì í kun ọwọ́." Ó tún sún ike náà síwájú díẹ̀. "Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri. Moly mi ló fa àbùkù yìí bá yín. Tẹ́ ẹ bá ń lo èyí, ẹnu ayé á sinmi lára yín."

Mutmainnah wo ìyẹ̀fun funfun náà. Ó funfun bí snow tó wà lẹ́yìn wọn, ó sì tutù lójú rẹ̀ jù ú lọ. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, ó ti tán. Ọkùnrin yìí ń fi ilẹ̀kùn hàn mí, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn ọ̀hún ti wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀.

"Ṣé ó dáa tó moly?"

Sofiullahi ò mọ irọ́ pa. "Ó dáa. Ká sọ òótọ́, ó tún rọrùn jù ú lọ."

Mutmainnah gbé ike náà. Eruku tó wà lórí ìdérí rẹ̀ pọ̀ débi pé èèyàn lè gbin ẹ̀gẹ́ sí i. Ó fi ìka kan fà á.

"Ìgbà wo lẹ ra nǹkan yìí?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Díẹ̀ bíi báwo?"

"Kí snow ọdún tó kọjá tó bẹ̀rẹ̀."

"Ó ti wà nílé látìgbà yẹn, ẹ wá ń wò mí kí n máa dọ̀tí bí ọmọ alágbẹ̀dẹ? Brother Sofiu, kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbé e pamọ́?"

Sofiullahi wo ilẹ̀. Ó wo ajá aládùúgbò, bóyá ajá á bá a dáhùn. Ajá wo ẹ̀gbẹ́ kan. Níkẹyìn, ojú rẹ̀ lọ bà sórí kẹ́tù.

"Tó bá jẹ́ funfun ni, ọwọ́ yín ò ní í gba fífọ̀ púpọ̀. Ẹ ó kàn ṣàlùwàlá, ẹ ó kírun, ẹ ó máa lọ wọ train yín."

Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kó tó wọlé sí Mutmainnah létí, nítorí òtútù. Nígbà tó wọlé tán, gbogbo ara rẹ̀ móoru débi pé snow tó bà lé hijab rẹ̀ yọ́. Ó gbé ike funfun náà padà sórí pẹpẹ, lẹ́yìn àwọn agolo, ní ojú eruku ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀ gan-an.

"Moly ni mo fẹ́," ló wí.

Phone rẹ̀ dún.

"Màmá mi ni. Wọ́n fẹ́ rí ẹni tó ń bomi sí mi lọ́wọ́. Ẹ lè sá o. Ilẹ̀kùn ṣí."

Sofiullahi ò sá. Ó bọ́ glove ọ̀tún, ó bọ́ tòsì. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bí ọwọ́ ọmọ tuntun. Ó ki méjèèjì bọ inú moly, ó pa wọ́n pọ̀ bí ẹni ń fi àtíkè pa ara, títí gbogbo ìka rẹ̀ fi dúdú kirikiri. Mutmainnah gbé phone ti agolo kan, ó dáhùn ìpè náà. Ojú ìyá rẹ̀ kún inú rẹ̀, ó sún mọ́ ọn débi pé imú nìkan ni wọ́n ń rí.

"Òun rèé?"

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá," ni Sofiullahi wí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí simẹ́ńtì tó ti di yìnyín.

"Dìde, ọmọ mi, dìde! Yéè, ẹ wo ìka tiẹ̀ náà! Làálì ọkọ rèé! Ní Kánádà, ọkọ náà ń lé làálì?"

"Ẹ jẹ́ kó fọ̀ ọ́ ná, màmá mi," ni Mutmainnah wí. Òun ló gbé kẹ́tù lọ́tẹ̀ yìí. Ó ń rọra dà á, Sofiullahi ń fọ̀ ọ́, omi dúdú ń lọ sínú garawa.

"Rọra, Àbẹ̀ní, má jẹ́ kó gbóná jù." Ìyá tún fojú sí phone. "Kí ni funfun tó ń fò lẹ́yìn yín yẹn? Ṣé ẹ ń tu ìyẹ́ adìẹ ni?"

"Snow ni, màmá."

"Nínú ilé? Ẹ ti ilẹ̀kùn jàre! Ṣé ẹ fẹ́ kí òtútù pa á kí n tó fojú kàn án ni?"

Sofiullahi gbé ojú sókè. Ọ̀rọ̀ tó ti ń kó jọ láti Cochrane wá, ó wá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ilẹ̀kùn yìí ò ṣeé tì báyìí. Ẹ bá wa gbàdúrà, kí Alfa tètè wá so yìgì, ká lè tì í."

Omi dà sílẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti mọra, ọwọ́ Mutmainnah gbọ̀n.