Ìbọn Mọ́kànlá Ṣùkúrù Aránṣọ

Ohun kan ṣoṣo ni Ṣùkúrù aránṣọ ń wá láyé: lọ́jọ́ tí òun bá kú, kí àwọn ọdẹ Ṣakí yìnbọn fún òun bí wọ́n ti yìn ín fún bàbá òun. Ṣùgbọ́n rọpárọsẹ̀ ti mú un lẹ́sẹ̀ láti kékeré, kò lè wọ igbó. Ìbọn ló wá ń kó jọ.

Bí ọdẹ kan bá kú, tí àwọn ọmọ fẹ́ gbé ìbọn rẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ kó fi rọ ọkọ́, Ṣùkúrù á ti dé lórí ọ̀kadà láti rà á. Ṣakabùlà mọ́kànlá ló tò sára ògiri lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń fi epo nù wọ́n, ó sì mọ ẹran tí ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi pa.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún un pé màlúù ni ìbá máa rà. "Ìbọn kì í bímọ, Ṣùkúrù."

"Màlúù tìrẹ dà, Bàbá Waheedat? Ṣé wọn ò ti kú tán? Ìbọn mi rèé."



Lọ́dún tó kọjá, ara rẹ̀ ò yá mọ́. Ó ní kí n gbé òun lọ bá Ìyápọ̀, olórí àwọn ọdẹ. Ó ro ohun tó ń wá fún un.

"Ẹran wo lo pa rí?" Ìyápọ̀ bi í.

"N ò pa nǹkan kan."

"Lọ pa ọ̀kan wá. Ì báà ṣe ọ̀kẹ́rẹ́. Mo kà ọ́ mọ́ wa nìyẹn."

Mo gbé e lọ sí oko mi lọ́nà Àgọ́-Àmọ̀dù, mo fìdí rẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ igi òrí. Ìbọn bàbá rẹ̀ ló mú dání, ó ti ki ẹ̀tù sí i. Nígbà tí oòrùn rọ̀, àgbọ̀nrín kan jáde, ó kọjú sí ẹ̀wà mi, ó ń jẹ ẹ́. Ṣùkúrù gbé ìbọn sójú. Ó pẹ́. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ tì í. Ló bá sọ ìbọn kalẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Wo ikùn rẹ̀."

Mo wò ó. Oyún ni lóòótọ́, ó ti sọ̀ kalẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ọdẹ kì í yìnbọn sí aboyún ẹran.

A padà tọ Ìyápọ̀ lọ, Ṣùkúrù sì sọ ohun tó rí. Àwọn ọdẹ tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Gbogbo àgbọ̀nrín tó bá bọ́ lọ́wọ́ ọdẹ ló máa ń lóyún!"

"Èmi náà rí i," ni mo wí.

"Ọ̀rẹ́ ẹ kọ́ ni?" ni ọ̀kan nínú wọn dá mi lóhùn.

Ṣùkúrù bá wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò nu ìbọn kankan. Kò tún lè jókòó lórí ọ̀kadà mọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló kú. Àwọn ọdẹ wá síbi jànásà rẹ̀ pẹ̀lú fìlà lórí, ọwọ́ òfìfo. Àdìjátù ìyàwó rẹ̀ gbé ìbọn bàbá ọkọ rẹ̀ jáde, ó kúnlẹ̀ síwájú Ìyápọ̀.

"Ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré, Bàbá. Ẹ ṣàánú mi."

"Dìde, ìyàwó. Bí a bá yìn ín fún ẹni tí kò pa ẹran, kí la ó wá ṣe fún ẹni tó pa?"

Àdìjátù gbé ìbọn padà wọlé. Lẹ́mọ́mù ṣe àdúà, a fọwọ́ pa ojú, kálukú sì ń wá bàtà rẹ̀.