Ibi Tí N Kò Lè Fi Han Ìyá Mi

Ebè iṣu ni mo ń kọ lọ́wọ́ lóko àbúrò bàbá mi, lẹ́yìn Odò-Ọ̀wà, nígbà tí ìrora ṣàdédé gbá kórópọ̀n mi òsì mú. Kò bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan fọwọ́ mú un tó sì ń lọ́ ọ. Mo jókòó sórí ebè, mo bì gbogbo ohun tí mo jẹ láàárọ̀.

Ìparí àwọn ọdún 1970 ni, mo wà ní fọ́ọ̀mù kẹta. Bàbá mi ti kú. Àbúrò rẹ̀, tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, fẹ́ ṣú ìyá mi lópó, ìyá mi sì kọ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń fi èmi gbẹ̀san.

"Kí ló ṣe ẹ́?" ó bi mí láti orí ebè tirẹ̀.

"Inú ló ń run mí, sà."

"Inú rírun kì í pa ọ̀lẹ. Dìde, kí o parí iṣẹ́ rẹ."

Mo parí i.

Irú ibẹ̀ yẹn, bàbá ẹni là ń fi í hàn. Èmi kò ní bàbá, mo sì ti dàgbà ju ẹni tó lè bọ́ ṣòkòtò níwájú ìyá rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìyá mi bi mí nírọ̀lẹ́, inú náà ni mo tún pè. Ó se àgbo inú rírun fún mi, mo mu ún, mo bì í. Ó fi omi àdúrà láti ṣọ́ọ̀ṣì wa ra mí níkùn. Mo tẹ́ńbẹ́lú gbogbo rẹ̀ nínú mi, nítorí mo mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kórópọ̀n náà ti wú, ó pọ́n, ó sì le. Mò ń ya ẹsẹ̀ rìn. Bàbá Kékeré rí mi, ó pè mí sáàárín agbo ilé, ó ní kí n bọ́ ṣòkòtò. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó fà á wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó ń pọnmi bọ̀ dúró wò mí.

"Ẹ wá wo ọmọ opó!" ló kígbe. "Ó ti lọ kó àtọ̀sí!"

N kò mọ obìnrin rí. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ìyá mi sáré jáde, ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi bò mí nídìí.

"Ṣé ibẹ̀ ló ń dùn ẹ́ látàná?"

Mo mi orí pé ibẹ̀ ni.

"Èmi tí mo bí ọ, tí mo wẹ̀ ọ́ dàgbà, èmi lo wá ń fi í pamọ́ fún?"

Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Takisí tó ń gbé èmi àti ìyá mi lọ sí ọsibítù rì sínú ẹrẹ̀, àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀ láti tì í, wọ́n ń kùn pé ọ̀dọ́mọkùnrin bíi tèmi jókòó ń wò wọ́n. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì béèrè ohun tó ṣe mí lójú gbogbo èrò. Ìyá mi sọ ọ́ sí i létí. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín: "Kékeré yìí náà?" Ó ní ká lọ dúró sí ìparí ìlà.

Ká tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ìrora náà ti rọlẹ̀. Inú mi dùn, mo sọ fún un pé ó ti ń sàn. Inú tirẹ̀ kò dùn.

"Okùn kan wà tí kórópọ̀n fi rọ̀," ó sọ fún ìyá mi, "inú rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Ti ọmọ yín ti lọ́ pọ̀ bí aṣọ tí a fún. Kì í ṣe àtọ̀sí. Kò dùn ún mọ́ nítorí pé ibẹ̀ ti kú ni. Ká ní ẹ tètè gbé e wá lánàá, à bá tú u."

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n yọ ọ́. Wọ́n rán ọ̀tún mọ́lẹ̀ kí òun náà má baà lọ́. Fún ìgbà pípẹ́, bí mo bá wúkọ́, omi a bọ́ lójú mi. Dókítà ní ọ̀kan tó láti bímọ.

Ìyá mi gbé ọ̀rọ̀ dókítà náà délé. Àwọn ará ilé fi í rẹ́rìn-ín. Ní ìpàdé ẹbí, Bàbá Kékeré dìde: "Wọ́n ti tẹ ọmọ yìí lọ́dàá. Ta ló fẹ́ jogún rẹ̀, tí a ó fi fún un ní oko kòkó?" Àwọn àgbà gbà á láyè. Ó gba oko bàbá mi, ó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ dòní. Ní ilé ìwé, Ọ̀dá ni wọ́n ń pè mí.

Mo bímọ mẹ́ta. Ìyá mi kò rí ọ̀kankan. Mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà tó kú, ó sì ń gbààwẹ̀ kí n lè bímọ títí tó fi kú.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi yìí. Kórópọ̀n tó ṣẹ́ kù ṣe iṣẹ́ àwọn méjèèjì láìráhùn, èyí tó lọ náà sì ké pè mí kó tó lọ. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n dá a lóhùn. Ìwọ ọmọkùnrin tó ń ka èyí, bí ibẹ̀ bá ṣàdédé dùn ẹ́, sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe fún ìyá rẹ. Jẹ́ kí wọ́n fi ẹ́ rẹ́rìn-ín tán, kó ṣì wà lára rẹ.