Òkúta Inú Ìṣẹ́tí Aṣọ Funfun

Onínúfùfù ni mí. Ará ilé wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí mo kọ́ ní kíláàsì ìrìbọmi sì mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba Ẹdẹ kọjá, tí àwọn àgbàlagbà kan ṣì ń sá wọlé bí ó bá ti fọn fèrè, ni ìjọ wa fi àwọn ọ̀dọ́ náà sí ìkáwọ́ mi. Ọ̀dọ́ ni èmi náà, n kò tíì lọ́kọ, ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé n kò ní kọ́ wọn ní àkọ́sórí lásán. Agboolé tí wọn yóò ti máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń padà sí. Ìgboyà ni wọ́n nílò, ìgboyà ni mo sì fẹ́ kọ́ wọn.

Bí a bá ti gbàdúrà tán lábẹ́ igi ọdán ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, màá ní kí oníkálukú dijú, kí ó wo inú ara rẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí ó ń bà á lẹ́rù fún wa. N kì í gba irọ́. Ọmọkùnrin gìrìwò kan ní òun kò bẹ̀rù ohunkóhun. Mo ní kí ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin títí ọkọ̀ yóò fi kọjá. Ó ní kí n jọ̀ọ́, òun ti rántí ọ̀kan. A rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní odò ni òun ń bẹ̀rù. Odò Ọ̀ṣun gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ kí wọ́n tó bí i. Nítorí náà, ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó dé etí odò, àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá a pọn omi. Inú odò yẹn gan-an ni ìjọ wa sì ti ń ri ènìyàn bọmi, láti orí dé ẹsẹ̀. Mo bi í bóyá kí ó dúró di ọdún mìíràn.

Ó ní, "Rárá o, Tíṣà. Bí mo bá dúró, ẹ̀rù náà á dúró dè mí ni."

Ìyá rẹ̀ kì í ṣe onígbàgbọ́. Ó sunkún, ó bínú, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò yẹ̀, ìyá sì gbà nígbẹ̀yìn. Orí mi wú.

Nígbà tí ìrìbọmi kù sí dẹ̀dẹ̀, a rán aṣọ funfun fún wọn. Aṣọ gbígbòòrò máa ń léfòó bí ènìyàn bá wọ odò, ara ọmọbìnrin a sì wà ní gbangba lójú èrò. Nítorí náà a máa ń rán òkúta wẹ́wẹ́ sínú ìṣẹ́tí rẹ̀ kí ó lè fà á sílẹ̀. Ó ti mọ́ wa lára tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tó rò ó pé ó yẹ kí a ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá kankan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ìrìbọmi, ìyá ọmọ náà wọlé tọ̀ mí wá, ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó ju aṣọ funfun náà sórí ẹní mi, òkúta inú rẹ̀ sì dún.

"Kí ni ẹ so mọ́ ọmọ mi lẹ́sẹ̀?"

"Òkúta ni, Ìyá. Ẹ fara balẹ̀, kí n..."

"Mo mọ̀ pé òkúta ni. Ta ní ń so òkúta mọ́ ẹni tó fẹ́ kó jáde padà? Odò ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Ẹ wá ń di èkejì lẹ́rù fún un."

Ọ̀rọ̀ burúkú ti dé ètè mi. Nígbà náà ni mo rí i bí ó ti di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú ṣinṣin, inú mi sì rọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi. Mo ṣàlàyé ohun tí òkúta náà wà fún. Ó gbọ́ mi tán.

Ó ní, "Yọ ọ́."

"Bí mo bá yọ ọ́, aṣọ á léfòó, ojú á sì ti ọmọ yín."

"Kí ojú tì í, kó wá jẹun alẹ́ lọ́dọ̀ mi."

Ọmọ náà kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí Tíṣà yọ òkúta náà. Kí ẹ̀yin wá bá mi di aṣọ náà mú."

"Nínú odò?"

"Nínú odò ni."

Láti ọjọ́ tí odò ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ, ìyá náà fúnra rẹ̀ kò tíì fi ẹsẹ̀ kan omi náà. Ó yí padà, ó sì jáde. Mo fi abẹ tú ìṣẹ́tí náà, mo kó òkúta rẹ̀ dànù. Mo kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, n kò tiẹ̀ mọ ohun tí màá bèèrè.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà dé etí odò ní òun nìkan. Mo wá ìyá rẹ̀ títí láàárín èrò, n kò rí i. Nígbà tí wọ́n pè é, ó wọ inú omi lọ bá pásítọ̀. Omi dé orúnkún rẹ̀, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sókè. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì ń lọ. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀, pásítọ̀ ní kí ó ká ọwọ́ lé àyà. Ó wo etí odò, kò sì ká a.

Ìyá rẹ̀ ti ẹ̀yìn èrò jáde. Ó so ìró rẹ̀ le dáadáa, ó sì wọ odò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wa rí i, kò sì dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí omi fi dé ọrùn rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìṣẹ́tí aṣọ náà mú.

Ó sọ fún pásítọ̀ pé, "Ẹ ṣe é kíá."

Ọmọ náà ká ọwọ́ lé àyà. Ó wọ abẹ́ omi, ó sì jáde. Ìyá rẹ̀ kò jọ̀wọ́ aṣọ náà títí àwọn méjèèjì fi dé orí ilẹ̀.

Láti ọdún náà, a kò rán òkúta mọ́ aṣọ ọmọbìnrin kankan mọ́. Mo máa ń bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn léèrè ẹni tí yóò bá a di aṣọ mú. Ìyá yẹn kò wọ ìjọ wa títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n nígbà ayé rẹ̀, bí ọmọ kan kò bá ní ẹni kankan, òun ni a máa ń ránṣẹ́ sí. Ó máa ń wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa ń gbọ̀n ní gbogbo ìgbà tó bá ń wọ odò.