Kwaku Tí Ẹ Fún Ní Àmì Ẹ̀yẹ Kọ́ Ló Ta Béèsì Yẹn

Ọkùnrin tí ẹ gbé àmì ẹ̀yẹ béèsì lé lọ́wọ́ kò tíì mọ bí a ṣe ń so wáyà mọ́ gìtá ní ọdún tí wọ́n gba orin yẹn sílẹ̀.

Ojú mi báyìí ló ṣe. Ìkòkò kan wà lórí ààrò eléèédú ní àárín àgbàlá wa ní Lagos Town, àdúgbò àwa Yorùbá ní Accra, omi inú rẹ̀ ń hó, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tuntun tí bàbá yàrá kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sì ṣí i wò. Wáyà béèsì mẹ́rin ló ká jọ sísàlẹ̀ omi bí ìfun ewúrẹ́. Ó fi ṣíbí gbé ọ̀kan sókè. Kí ẹnikẹ́ni tó kígbe mọ́ ọn, ó ti fi ọwọ́ lásán gbá a mú. Igbe tó ké! Ìyá mi tó ń dín ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ di inú mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Kwaku, ṣe sùúrù! Tálíà ò tíì jinná, wáákyè rẹ ń bọ̀ lọ́nà!”

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín, nítorí pé tálíà gígùn tí àwọn oníwáákyè ń bù lé ìrẹsì àti ẹ̀wà lórí ni wáyà náà jọ lóòótọ́. Bàbá yàrá kejì jáde síta, fọ́ọ̀kì lọ́wọ́, agbádá àdúrà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi èdè Twi sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé kó ki ọwọ́ bọ omi tútù. Lẹ́yìn náà ló yọ àwọn wáyà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi wọ́n kọ́ sórí okùn tí a ń sá aṣọ sí.

“Ọ̀rá ìka ló ń pa wáyà,” ó wí. “Tó bá ti mu òógùn tó, á yadi. Omi gbígbóná ló ń dá ohùn rẹ̀ padà.”

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà. Ìjọba alágbádá ti padà dé, àwọn iléeṣẹ́ rédíò aládàáni sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ bí olú kiri Accra, wọ́n ń wá orin tí wọn yóò máa fi kún ọjọ́. Bàbá yìí ló ń ta béèsì sínú èyí tó pọ̀ jù nínú orin náà. Àwọn òbí rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Gold Coast. Ìlú yìí ni wọ́n bí òun sí, ó ń sọ Twi àti Gà bí ẹni pé inú wọn ló ti kọ́ ìrìn. Kò ní ẹgbẹ́ akọrin kankan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí wọ́n ránṣẹ́ pè é: sítúdíò kan láàárọ̀, òmíràn lọ́sàn-án, háíláìfù níbí, orin ìjọ lọ́hùn-ún, ìpolówó ọṣẹ lẹ́yìn rẹ̀. Jáàsì nìkan ló ń ta fún ara rẹ̀, lọ́sàn-án Sunday, ní hòtẹ́ẹ̀lì kan létí òkun. Àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ kì í gbójú sókè wo béèsì.

Mùsùlùmí pọ́ńbélé ni. Ìyá mi kì í jẹ́ kó jáde láìfi ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ẹ̀yin bàbá, Jésù wo lẹ tún fẹ́ bá ta gìtá lónìí?”

“Ti ìjọ Kaneshie ni. Ti Dansoman di ọ̀la.”

Ẹ máa bi mí pé báwo wá ni orúkọ rẹ̀ ò ṣe sí lára kásẹ́ẹ̀tì kankan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́ gan-an. Nígbà èwe rẹ̀, ìjọba kan ṣòfin pé kí àwọn àjèjì kúrò ní Ghana, àwọn èèyàn wa sì di ẹrù, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lọ. Òun kò lọ. Olórí ẹgbẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n bí i. Ó ní Ọjọ́rú. “Ó tán,” ni ọ̀gá náà wí, “Kwaku ni ẹ́ láti òní lọ.” Orúkọ tí àwọn Akan ń sọ gbogbo ọmọkùnrin tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ náà ni. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé sítúdíò nìyẹn, bó ṣe wà lára gbogbo pépà inú kásẹ́ẹ̀tì nìyẹn: Béèsì, Kwaku. Kò sí orúkọ bàbá, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ìlú tòrò, tí kò sí ẹni tó ń lé Alátà, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, mọ́, ìyá mi ní kó gba orúkọ ara rẹ̀ padà.

“Orúkọ tó gbà mí sílẹ̀ lọ́jọ́ ìpọ́njú,” ó dáhùn, “ṣé kí n wá lé e jáde nílé?”

Ibi tó ti ṣe àṣìṣe nìyẹn, mo sì gbà pé àṣìṣe rẹ̀ ni. Ẹni tó bá pe Kwaku ní ibùdókọ̀, ìdajì ọkọ̀ ló máa yíjú.

Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ náà ń jẹ́ Kwaku. Ọjọ́rú ni Ọlọ́run mú òun náà wáyé. N kò bá a jà lórí ìyẹn. Ohun tí mo bá a jà lé lórí nígbà náà ni àga. Bàbá ní àpótí kékeré kan níwájú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, èmi ni mo máa ń jókòó sórí rẹ̀ kí Kwaku tó dé. Tí kò bá sí iná, bàbá á gbé orí gìtá béèsì rẹ̀ ti ara kọ́bọ́ọ̀dù onígi, kọ́bọ́ọ̀dù náà á sì máa dún bí ẹni pé akọ màlúù kan ń kùn nínú aṣọ. Á fi kásẹ́ẹ̀tì tí olórin fi ránṣẹ́ sínú rédíò alábátìrì, á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, á pa á, á wá ohùn tó máa gbé e ró. Yàrá náà ń rùn fún ìpara Robb àti epo tó fi ń nu igi gìtá. Mo mọ gbogbo ohun tó ta ní ọdún méjì tí mo fi jókòó níbẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n ní sítúdíò.

Kwaku wá dé, àpótí di tirẹ̀. Ó ń pe bàbá ní “Wofa”, bí ọmọ ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lọ́kùnrin, bàbá sì ń jẹ́ ẹ! Ó ń di ìka rẹ̀ mú, ó ń gbé wọn sórí wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ń ti ẹnu ọ̀nà wò wọ́n. Lọ́jọ́ kan, mo wọlé.

“Bàbá, ẹ kọ́ èmi náà.”

Ó gba ọwọ́ mi, ó yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ ra iṣu. “Ọwọ́ yìí kéré, ìyàwó mi.”

“Á dàgbà.”

“Tó bá dàgbà, wá.”

Ìyá mi ti gbọ́ láti ìta. “Kò ní wá o! Ọmọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń di nọ́ọ̀sì, kí tèmi máa gbé gìtá kiri láàárín ọkùnrin?”

Bàbá jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. “O gbọ́ fúnra rẹ. Ìjọba ti sọ̀rọ̀.”

Kwaku rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi sùn, òun ni mo fi jí. Owú ni, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Mo ti kàwé tó láti pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo rí ìkòkò wáyà lórí ààrò, mo sì rò pé wáyà gìtá tí Kwaku fi ń kọ́ṣẹ́ ni. Iyọ̀ oníhóró tí wọ́n kó wá láti ìlú Ada wà nínú garawa ìyá mi. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ méjì, mo dà á sínú ìkòkò, mo dé e.

Wáyà bàbá ni.

Ó kọ́ wọn sórí okùn aṣọ bó ṣe máa ń ṣe. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ti pọ́n bí irin àlòkù lẹ́yìn mẹkáníìkì. Kò ní òmíràn nílé, wọ́n sì ti ń dúró dè é ní sítúdíò fún orin jáàsì kan tí wọn ò fi ẹnu kọ, fèrè ni wọ́n fi gbé e, béèsì nìkan ni yóò sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ó fọwọ́ pa wáyà náà, ìpáàrà lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀.

“Afẹ́fẹ́ òkun yìí!” ó wí. “Ó ti jẹ wáyà mi.”

Ó so ó mọ́ gìtá bẹ́ẹ̀, ó lọ. Kwaku kò bá a lọ. Wọ́n lè bá mi jiyàn, ṣùgbọ́n ó wà nínú àgbàlá wa ní gbogbo ọ̀sán yẹn, ó ń jẹ kẹ́ńkè, ẹ̀kọ líle àwọn Gà, pẹ̀lú ata dúdú, ìyá mi ló bù ú fún un. Nígbà tí bàbá padà dé, ìyá mi bi í pé báwo ni. “Wáyà ti kú,” ó ní. “Òkú ni mo fi ta á.”

Òkú yẹn ni Accra yàn láàyò. Rédíò kan fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣáájú ètò ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbogbo yín lẹ mọ ohùn béèsì náà: ó wúwo, ó dákẹ́ lójijì, bí ẹni tó ń sọ òótọ́ láti abẹ́ aṣọ ìbora. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù bà mí lákọ̀ọ́kọ́, ojú sì wá ń tì mí lẹ́yìn náà.

Lọ́dún yìí, mo wà nínú trotro, dánfó ìlú yìí, ní ibùdókọ̀ Circle nígbà tí rédíò awakọ̀ ń fi ọ̀rọ̀ wá Kwaku lẹ́nu wò. Wọ́n pè é ní ẹni tó ta béèsì gbogbo àwọn kásẹ́ẹ̀tì ìgbà náà. Kò kọ̀ ọ́. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wá bi í pé ibo ló ti rí ohùn jáàsì yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kan náà! “Fóòmù ni. Mo gé e lára bẹ́ẹ̀dì ìyá mi, mo ki í sábẹ́ wáyà.”

“Irọ́!” ni mo pariwo.

Gbogbo ọkọ̀ yíjú. Méètì tó ń gba owó ọkọ̀ wò mí tìyanu-tìyanu. “Sístà, ṣé ọkọ ẹ tẹ́lẹ̀ ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí a fi dé Kaneshie.

Kì í ṣe fóòmù. Iyọ̀ ni, ọwọ́ mi sì ni. N kò sọ pé Kwaku kò mọ béèsì ta lónìí; ó mọ̀ ọ́n, ẹni tó kọ́ ọ mọ iṣẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò ta èyí. Ìgbìmọ̀ yín fún un ní àmì ẹ̀yẹ lórí rẹ̀, ẹ̀yin kan náà lẹ sì ti ń múra láti tẹ àwọn orin ìgbà náà jáde lákọ̀tun, pẹ̀lú ìwé kékeré nínú páálí rẹ̀ àti fọ́tò Kwaku tí ó gbé béèsì sáyà.

Mo gba Dansoman lọ, níbi tí bàbá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìka rẹ̀ ti ká wọnú, wọn ò lè tẹ wáyà mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ pé. Mo kúnlẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ iyọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, títí ó fi ń wúkọ́.

“Ìwọ ni? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá òkun ṣọ̀tá!” Ó nu ojú. “Kí ni mo ṣe fún ọ?”

“Ẹ ò kọ́ mi.”

“Áà.” Ó wo rédíò tó wà lórí fèrèsé. “Ẹni tí mo kọ́ wà níbẹ̀ yẹn. Ẹni tí mi ò kọ́ ló wá wò mí.”

Mo ní màá jà. Ó ní kí n fi í sílẹ̀, òun ti ta á, wọ́n ti gbọ́ ọ, ó tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dìde, ó di etí aṣọ mi mú. “Tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n kọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Ìyẹn nìkan. Wọn ò nílò fọ́tò.”

N kò ní kọ orúkọ náà síbí; inú ìwé yín ló ti yẹ kó kọ́kọ́ jáde. Inú lẹ́tà mẹ́ta tí mo fi ránṣẹ́ sí yín ló wà, ẹ ò sì fèsì sí ọ̀kan. Akọ̀wé yín kan ló dá mi lóhùn lórí fóònù: “Madam, ó dà bíi pé ẹ̀ ń jowú.” Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń jowú. Mo ti ń jowú láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wò mí sàn. Owú ló jẹ́ kí n máa ṣọ́ wọn, òun ló jẹ́ kí n mọ ẹni tó wà ní sítúdíò àti ẹni tó ń jẹ kẹ́ńkè.

N kò mọ béèsì ta títí dòní. Ohun tó kù sí mi lára kò ju etí lọ: bí orin bá bẹ̀rẹ̀ níbikíbi, abẹ́ rẹ̀ ni mò ń lọ kí n tó gbọ́ olórin. Ní ọ́fíìsì wa pàápàá, tí wọ́n bá ń yin ọ̀gá fún ìwé tó dára, ojú mi á máa wá ẹni tó kọ ọ́. Àìsàn ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kó o.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ta ni ẹ bi kí ẹ tó fún un? Ta nínú yín ló ka ọjọ́ orí Kwaku mọ́ ọjọ́ orí kásẹ́ẹ̀tì náà? Ta ló ya Lagos Town, tí kò jìnnà sí ọ́fíìsì yín, láti béèrè Kwaku wo? Ìwọ náà, Kwaku, tí o pe èèyàn ní Wofa, tí o jẹun nínú àwo rẹ̀: nígbà tí wọ́n bi ọ́, kí ló dé tí o kò lè sọ pé òun ni? Kí ni ì bá gbà lọ́wọ́ rẹ?

Ẹ kò tíì tẹ ìwé náà. Ẹ dáhùn, kí ẹ sì dáhùn lórí rédíò kan náà tí ẹ fi parọ́, nítorí pé bàbá ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ ní Dansoman.